Bí Ìgbín Bá Fà: Ìrìn-àjò Ọkọ̀ Ilé Pẹ̀lú Ọmọ Kékeré ní Àríwá Skọ́tlándì

Ọkọ̀ ilé ni orúkọ tí orí ìwé yìí yóò máa pe irú ọkọ̀ tí àwọn ará Ìlú Ọba ń pè ní motorhome, ìyẹn ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ibùsùn, ibi ìdáná, ibi ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ibi tí awakọ̀ bá pa ẹ́ńjìnnì sí ní ìrọ̀lẹ́ ni ilé rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ó yàtọ̀ sí káráfáànù, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà sì bá irú ìrìn-àjò yìí mu ní ọ̀nà méjì: ẹni tí ó gbé ilé dání kò ní wá ilé sùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ilé dání kò lè yára, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà nínú ilé náà.

Ìhà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń ka máìlì. Ìmọ̀ràn tí gbogbo orí yìí dúró lé ni pé wákàtí tí ọmọ lè fi jókòó, wákàtí tí ó máa ń jẹun àti wákàtí tí ó máa ń sùn ni kí òbí kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ó tó wá wo iye máìlì tí ó lè wọ inú wọn. Ọ̀nà tí a mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ni North Coast 500, òrùka ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 516, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 830, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Inverness, tí ó yí etí òkun àríwá Skọ́tlándì ká, tí ó sì tún parí sí Inverness. Ọdún 2015 ni wọ́n fún un ní orúkọ yìí láti pe àwọn arìnrìn-àjò sí àgbègbè náà, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tí ó fi Bìrìtéènì ṣe ibùgbé sì lè dé ibẹ̀ láìwọ bàálù. Ọmọ tí orí yìí ní lọ́kàn ni èyí tí ó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún.

Yíyan ọkọ̀

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ìdílé yẹ̀ wò kí wọ́n tó háyà ọkọ̀: ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwọ̀n ẹrù, àti ìjókòó ọmọ. Ní ti ìwé àṣẹ, ẹni tí ó yege ìdánwò ọkọ̀ kékeré ní Bìrìtéènì láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1997 ni òfin fún láyè láti wa ọkọ̀ ilé tí àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀, pẹ̀lú èrò àti ẹrù, kò ju kìlógíráàmù 3,500 lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó yege ṣáájú ọjọ́ náà ní àṣẹ dé 7,500. Àlejò tí ó wá láti Nàìjíríà lè fi ìwé àṣẹ ilé wa ọkọ̀ tí kò kọjá 3,500 fún oṣù 12, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti di olùgbé ní láti ṣe ìdánwò Bìrìtéènì bí oṣù 12 náà bá ti pé, nítorí pé Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n lè pààrọ̀ ìwé àṣẹ wọn. Ilé-iṣẹ́ tí ń háyà ọkọ̀ lè ní òfin tirẹ̀ lórí ọjọ́ orí awakọ̀ àti iye ọdún tí ó ti ń wakọ̀, nítorí náà kí ìdílé béèrè kí wọ́n tó san owó. Kí awakọ̀ tí ó kọ́ṣẹ́ nílé rántí pẹ̀lú pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní Bìrìtéènì. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ gba ọwọ́ òsì títí di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba yí i sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ìwọ̀n ẹrù ni ohun kejì. Àyè ẹrù ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwọ̀n ọkọ̀ nígbà tí ó ṣófo àti ìwọ̀n tí òfin kò gbà kí ó kọjá, inú àyè yìí ni èrò, oúnjẹ, aṣọ, kẹ̀kẹ́ ọmọ àti omi gbọ́dọ̀ wọ̀ sí. Omi lítà kan wúwo tó kìlógíráàmù kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé táńkì lítà 100 tí ó kún dà bí àgbà kan tí ó ti sanra dáadáa tí ó tún wọlé jókòó. Ọlọ́gbọ́n awakọ̀ kì í gbé omi kún táńkì rìn ọ̀nà jíjìn nígbà tí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ omi wà níbi tí òun yóò sùn, omi tí yóò tó fún ìdáná àti ìwẹ̀ ọmọ lójú ọ̀nà nìkan ni ó máa ń gbé.

Ìjókòó ọmọ ni ó ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn òbí máa ń fi sí ìkẹyìn. Òfin Bìrìtéènì béèrè pé kí ọmọ máa lo ìjókòó ọmọ títí tí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ìjókòó tí wọ́n ṣe ní ìlànà tuntun tí a mọ̀ sí R129 sì gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn títí tí ọmọ yóò fi ju oṣù 15 lọ. Ìṣòro tí ó wà nínú ọkọ̀ ilé ni pé kì í ṣe gbogbo ibi tí ènìyàn lè jókòó sí ni ó ní bẹ́líìtì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ibi tí ó ní bẹ́líìtì ni ó lè gba ìjókòó ọmọ. Àga gígùn tí ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí ó dára láti jókòó jẹun ní alẹ́, kò yẹ fún ìjókòó ọmọ rárá nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Àga tí ó kọjú síwájú, tí ó sì ní bẹ́líìtì tí ó gba èjìká àti ìbàdí kọjá, ni kí òbí wá. Ìdè onírin tí wọ́n ń pè ní ISOFIX, tí a fi ń kan ìjókòó ọmọ mọ́ àga ọkọ̀, kò sí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé. Ó tọ́ nígbà náà kí ìdílé gbé ìjókòó ọmọ wọn lọ dán an wò nínú ọkọ̀ gan-an kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé ìjókòó tí ó kọjú sẹ́yìn sí, wọ́n gbọ́dọ̀ pa àpò afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ìyẹn àpò tí ó máa ń tú jáde nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Bí kò bá ṣeé pa, ọmọ kò gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. Orí ibùsùn kì í ṣe ibi tí ọmọ ń wà nígbà tí táyà bá ń yí, bí ó ti wù kí oorun kùn ún tó.

Ìgbà tí ó yẹ

Ìdílé tí ọmọ rẹ̀ kò tí ì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní àǹfààní kan tí àwọn ìdílé yòókù kò ní: wọn kò ní láti dúró de ìsinmi. Láti ìparí oṣù Kẹfà dé àárín oṣù Kẹjọ ni àwọn ilé ìwé Skọ́tlándì máa ń wà ní ìsinmi ńlá, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Keje, ìgbà yẹn ni ọ̀nà àti ọgbà ìpàgọ́ máa ń kún jù. Ọgbà ìpàgọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń sanwó láti gbé ọkọ̀ ilé sùn, tí wọ́n ń fún ni ní omi àti iná mànàmáná, tí ibi ìdalẹ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà.

Kòkòrò ni ìdí kejì tí oṣù ìrìn-àjò fi ṣe kókó. Ìwọ̀ oòrùn àti àríwá Skọ́tlándì ní irú kantíkantí kan tí ó ń mu ẹ̀jẹ̀, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gba inú àwọ̀n ẹ̀fọn kọjá, ó sì máa ń jáde láti ìparí oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹsàn-án, ní òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́, pàápàá nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù rinrin tí atẹ́gùn kò sì fẹ́. Kò lágbára láti fò nínú atẹ́gùn, ìdí nìyí tí ibi tí ó sún mọ́ òkun tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fi sàn ju ibi tí igi ṣíji bò lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún àti ìdajì kejì oṣù Kẹsàn-án ni ó fara rọ jù fún ọmọ kékeré, bí ìdílé bá lè fara da òtútù díẹ̀. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ẹ̀ẹ̀rùn tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí pé ní Wick, ìlú kan lójú òrùka náà, ní oṣù Keje pàápàá, ìgbóná ọ̀sán kì í sábà ju nǹkan bí 16°C lọ. Aṣọ òjò, bàtà òjò àti súwẹ́tà ni ọmọ nílò nínú oṣù gbogbo.

Ìṣirò ọ̀nà àti ọjọ́

Awakọ̀ tí ó dá wà lè fi ọjọ́ márùn-ún yí òrùka náà ká, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsunkún. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ lórí ìjókòó lójúmọ́ ni orí yìí dá lábàá gẹ́gẹ́ bí òpin, kí a sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí pé kò dára kí ọmọ ọwọ́ pẹ́ ju wákàtí méjì lọ lórí ìjókòó láìgbé e kúrò níbẹ̀ kí ó na ara. Lójú ọ̀nà tóóró tí ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ọkọ̀ ilé kì í sábà ju máìlì 25 sí 30 lọ ní wákàtí kan, èyí tí ó fi hàn pé nǹkan bí máìlì 65 sí 70 ni òpin ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ atọ́nà orí fóònù máa ń ṣírò bí ẹni pé mọ́tò kékeré ni, àfikún ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò tí ó bá sọ kò pọ̀ jù.

Òṣùwọ̀n yìí ni ó mú kí ètò tí ó tẹ̀ lé e yìí fo apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù òrùka náà, níbi tí Bealach na Bà wà. Orúkọ yìí túmọ̀ sí ọ̀nà àárín òkè tí màlúù ń gbà ní èdè Gaelic, ọ̀nà náà sì gun òkè dé mítà 626 kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Applecross, pẹ̀lú kọ́nà tí ó ṣẹ́ po bí apá tí a ká. Pátákó tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ń kọ́ ọkọ̀, àwọn ọkọ̀ ńláńlá àti káráfáànù pé kí wọ́n má gba ibẹ̀. Ìdílé tí ó bá fẹ́ rí Applecross lè gba etí òkun láti Shieldaig. Bákan náà ni kí ọkọ̀ ilé yẹra fún ọ̀nà B869 tí ó gba Drumbeg láàárín Lochinver àti Kylesku, kí ó gba A837 àti A894 tí ó gbòòrò díẹ̀.

Oru 11 ni ètò náà gbà, ìwakọ̀ gidi sì wà nínú ọjọ́ méje péré. Ọjọ́ kìíní jẹ́ ti Inverness nìkan: wọn yóò gba ọkọ̀, wọn yóò ra oúnjẹ, wọn yóò sì sùn sí ọgbà tí ó wà nítòsí, kí ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ lè hàn nígbà tí wọ́n ṣì sún mọ́ ẹni tí yóò tún un ṣe. Ní ọjọ́ kejì, wọn yóò gba A835 lọ sí Ullapool, nǹkan bí máìlì 57, wọn yóò sì dúró ní Corrieshalloch, níbi tí afárá tí ó rọ̀ dirodiro wà lókè àfonífojì jíjìn kan. Ọwọ́ òbí ni kí ọmọ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oru méjì ní Ullapool, tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ti ń lọ sí erékùṣù Lewis lójú ọmọ, wọn yóò lọ sùn oru méjì ní Achmelvich nítòsí Lochinver, níbi tí iyanrìn funfun àti omi tí ó mọ́ gaara wà. Durness ló kàn, tí òun náà yóò gba oru méjì: ihò àpáta Smoo wà níbẹ̀, òkun ló gbẹ́ ẹnu rẹ̀, omi odò sì ń já lulẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọmọ tí ó bá ti lè rìn sì lè dé ibi tí ó ti máa gbọ́ híhó rẹ̀.

Láti Durness sí ìlú Thurso, tí ó wà lójú ọ̀nà Dunnet Bay, jẹ́ nǹkan bí máìlì 73, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀nà tóóró, nítorí náà Bettyhill ni kí wọ́n fi gé e sí méjì fún oru kan. Oru méjì ní Dunnet Bay yóò fún ọmọ ní àǹfààní láti sáré lórí iyanrìn tí ó gùn tó nǹkan bí máìlì méjì. Dunnet Head tí ó wà nítòsí ni ojú ibi tí ó lọ sí àríwá jù lọ ní ilẹ̀ ńlá Bìrìtéènì, kì í ṣe John o' Groats gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ìwakọ̀ tí ó gùn jù ni èyí tí ó ti Dunnet Bay lọ sí Dornoch ní ọ̀nà A9, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gbòòrò, bí awakọ̀ bá sì gbéra ní àkókò tí ọmọ máa ń sùn lọ́sàn-án, ìdajì rẹ̀ yóò ti kọjá kí ọmọ tó la ojú. Ààfin Dunrobin wà lójú ọ̀nà náà ní Golspie fún ìsinmi. Lẹ́yìn oru kan ní Dornoch, nǹkan bí máìlì 45 ni ó kù sí Inverness.

Wíwakọ̀ lójú ọ̀nà tóóró

Ọ̀pọ̀ ọ̀nà àríwá jẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbà, tí ibi ìyàgò sì wà lára rẹ̀ ní ìjìnnà síra, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fẹ ọ̀nà díẹ̀ kí ọkọ̀ kan lè yà fún èkejì. Bí ibi ìyàgò tí ó súnmọ́ bá wà lọ́wọ́ òsì, awakọ̀ yóò yà sínú rẹ̀. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, yóò dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn kọjá. Ibi ìyàgò náà tún wà fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn: awakọ̀ ọkọ̀ ilé tí ó bá rí ọkọ̀ méjì mẹ́ta tí wọ́n tò sẹ́yìn òun gbọ́dọ̀ yà kí wọ́n kọjá, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ibi iṣẹ́ tàbí ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ, tàbí kí ó jẹ́ àwọn tí ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ ya fọ́tò tàbí pààrọ̀ ìlédìí ọmọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí òbí pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n sì máa fi ojú wá ibi ìgbọ́kọ̀sí gidi láti ìgbà tí ọmọ bá ti ń ra ara.

Ọkọ̀ ilé máa ń ga tó nǹkan bí mítà mẹ́ta. Kí awakọ̀ kọ gíga ọkọ̀ náà sórí bébà, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ara rẹ̀, nítorí pé afárá àti ẹnu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í ṣàánú ẹni tí ó bá gbàgbé. Ilé epo jìnnà síra, fún ìdí èyí bí epo bá ti dé ìdajì, ibi tí wọ́n bá ti rí ilé epo ni kí wọ́n ti rà á. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń lọ pátápátá láàárín òkè, nítorí náà kí wọ́n ti gba àwòrán ilẹ̀ sórí fóònù láti Inverness.

Iná, gáàsì àti ìdáná

Orísun agbára mẹ́ta ni ọkọ̀ ilé ní. Bátìrì inú ilé máa ń fún gílóòbù àti ẹ̀rọ tí ń fa omi ní agbára. Wáyà tí wọ́n so mọ́ òpó iná nínú ọgbà ìpàgọ́ máa ń gbé iná vóltì 230 wọlé. Sílíńdà gáàsì sì máa ń gbé iná ìdáná, ìgbóná àti fíríìjì nígbà tí kò bá sí iná mànàmáná. Bí òpó iná bá ní ìwọ̀n áńpì 10, agbára tí ó lè gbé kò ju nǹkan bí wáàtì 2,300 lọ, kẹ́tùlù ilé lásán sì lè gba èyí tán. Ẹni tí ó bá tan kẹ́tùlù àti ẹ̀rọ amúlé-gbóná pọ̀ yóò bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn pẹ̀lú ọmọ tí ń ké. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní propane ni kí ìdílé béèrè fún, nítorí pé butane kì í jáde dáadáa mọ́ bí òtútù bá sún mọ́ 0°C, nígbà tí propane ń ṣiṣẹ́ dé nǹkan bí −42°C.

Ní ti oúnjẹ, ohun tí ilé ìdáná Yorùbá ní bá ọkọ̀ ilé mu ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Gaàrí kò béèrè ju omi gbígbóná lọ kí ó tó di ẹ̀bà, ó sì ń fi gáàsì pamọ́. Ọbẹ̀ ata tí wọ́n ti dín nílé, tí wọ́n dì sínú ike pẹlẹbẹ tí ó sì dì bíi yìnyín, máa ń jẹ́ oúnjẹ alẹ́ àti yìnyín fíríìjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n pò láti inú ògì lúbúlúbú sì dára fún ọmọ ní òwúrọ̀ tútù. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ràá lọ́wọ́, ara ìjókòó ọkọ̀ tí wọ́n háyà ni yóò sì rá èyí tí ó bá kù sí, nítorí náà aṣọ àtijọ́ kan tí a tẹ́ sórí àga kò ṣeé fojú di. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ààrò àti ibi tí ọmọ ń ṣeré kò jìnnà síra ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Òbí kan ni kí ó máa dáná, kí èkejì gbé ọmọ jáde tàbí kí ó dè é mọ́ ìjókòó rẹ̀ títí tí omi gbígbóná yóò fi kúrò lórí iná. Kí ọkọ̀ tó gbéra, gbogbo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àti fíríìjì gbọ́dọ̀ ti wà ní títì, gáàsì sì gbọ́dọ̀ ti wà ní pípa.

Oorun

Oorun ni ó máa ń pinnu bóyá ìrìn-àjò yóò dùn, ìmọ́lẹ̀ àríwá sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn máa ń wà lójú ọ̀run fún nǹkan bí wákàtí 18 ní etí òkun àríwá, ìwọ̀nba tí ó kù pàápàá kì í ṣókùnkùn tán, ọmọ tí ó mọ̀ pé ilẹ̀ ṣíṣú ni àkókò oorun yóò sì máa bá òbí jà títí di ààjìn. Kọ́tìnnì dúdú tí ó bo fèrèsé mọ́ra, pẹ̀lú èyí tí ó bo gíláàsì iwájú ọkọ̀, ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ìdílé gbé láti ilé. Ohun kejì ni ètò tí kò yí padà: ìwẹ̀, oúnjẹ, ìtàn tàbí orin, kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nílé, lórí aṣọ ìtẹ́sùn tí ó ti ní òórùn ilé, nítorí pé ibi tí ọkọ̀ dúró sí lè yí padà lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ibùsùn ọmọ yí padà.

Ibùsùn òkè orí awakọ̀ kò yẹ fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́fà. Ìsàlẹ̀ ni kí ó sùn, pẹ̀lú àwọ̀n tàbí pákó tí kò ní jẹ́ kí ó yí ṣubú. Ọmọ ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ ní ibùsùn tirẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn láìsí ìrọ̀rí, nínú ìgbóná tí kò ju 16 sí 20°C lọ. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, lè jáde láti inú iná tí kò jó dáadáa, nítorí náà kí òbí tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní láti mọ̀ bóyá ó ń dún, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ìkòkò èédú wọlé nítorí òtútù.

Ìlera

Èébì ọkọ̀ kì í sábà yọ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì lẹ́nu. Fún èyí tí ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, oúnjẹ díẹ̀, fèrèsé ṣíṣí àti wíwo iwájú dípò ìwé tàbí fóònù ni ó máa ń ràn án lọ́wọ́. Eégbọn wà nínú koríko gíga àti igbó, ó sì lè kó àrùn Lyme ran ènìyàn, nítorí náà kí òbí yẹ abẹ́ apá, ẹ̀yìn orúnkún, itan àti ẹ̀yìn etí ọmọ wò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín mú eégbọn náà súnmọ́ awọ ara, kí ó sì fà á jáde tààrà láìfún un. Nọ́ńbà 111 ni wọ́n ń pè fún ìmọ̀ràn ìlera, 999 sì ni ti pàjáwìrì. Nítorí pé ilé ìwòsàn ńlá jìnnà síra, bíi Raigmore ní Inverness àti Caithness General ní Wick, oògùn ibà ọmọ àti ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara gbọ́dọ̀ ti wà nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó kúrò ní Inverness.

Ibi tí a sùn àti ohun tí a fi sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ pé òfin Skọ́tlándì gbà kí ènìyàn pàgọ́ síbi tí ó wù ú. Òótọ́ ni pé òfin ilẹ̀ ti ọdún 2003 fún ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà kò kan ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ilé nílò àyè láti ọwọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀, fún ìdílé tí ó ní ọmọ kékeré sì rèé, ọgbà ìpàgọ́ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ni ó fi ọkàn balẹ̀ jù, nítorí pé omi gbígbóná wà níbẹ̀, ọmọ sì lè ṣeré láìsí ọkọ̀ tí ń sáré kọjá.

Oríṣi omi ìdọ̀tí méjì ni ọkọ̀ ilé máa ń kó jọ. Èkíní ni omi ìwẹ̀ àti ìfọ̀wo, tí ó ń lọ sínú táńkì tirẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀; èkejì ni ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí ó ń lọ sínú àpótí kan tí wọ́n ń fà yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n sì ń bu kẹ́míkà sí kí ó má baà rùn. Ibi ìdalẹ̀ tí ọgbà ìpàgọ́ yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ da àpótí náà nù, kì í ṣe inú gọ́tà, inú igbó tàbí etí odò, nítorí pé omi àwọn odò wọ̀nyí ni àgùntàn ń mu, kẹ́míkà náà sì ń pa ohun tí ń gbé inú omi. Ìlédìí ọmọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí yìí rárá. Inú ọ̀rá tí a so ẹnu rẹ̀ ni kí ó wà títí tí wọn yóò fi dé ibi ìdalẹ̀sí.

Iṣẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn náà nìyí: wọn yóò da omi ìdọ̀tí méjèèjì nù ní Dornoch kí wọ́n tó kúrò, wọn yóò gbálẹ̀, wọn yóò wo abẹ́ ibùsùn fún ohun ìṣeré ọmọ, wọn yóò sì ra epo kún táńkì ní Inverness kí wọ́n tó dá ọkọ̀ padà. Ìgbín ni orí yìí fi ṣe àwòkọ́ṣe fún ìdílé, nítorí pé ó gbé ilé dání, kò sì kánjú. Ṣùgbọ́n ìgbín máa ń fi ìrá rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí ó bá gbà, ibẹ̀ nìkan ṣoṣo ni kò yẹ kí ìdílé ti fara wé e.